Irin Abẹ́ Ìjókòó

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Tákìé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà.
Bí tòkunbọ̀ bá gúnlẹ̀ láti Kùtọnu,
tí tìmùtìmù rẹ̀ ti gbó, tí fóòmù ń yọjú,
èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá.
Mo mọ Kámúrì, mo mọ Síẹ́nà;
ẹ dì mí lójú, n óò fi ìka lásán dárúkọ wọn.

Ṣùgbọ́n irin kékeré méjì kan wà
tó máa ń sá pamọ́ síbi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti pàdé ìdí rẹ̀,
ó tẹ̀ kọdọrọ bí ìka ọmọ tó fẹ́ di nǹkan mú.
Ó máa ń fa awọ mi ya.
Kí ni mo ń ṣe fún un? Mo ń rán awọ bò ó mọ́lẹ̀.
Èyí tó bá lágídí, mo ní kí Músílíù fi ayùn rẹ́ ẹ,
kó jù ú sínú páànù de oníirin àlòkù.
Iye tí a ń tà á, ẹ má bi mí.

Àfi ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná,
Fadérera gbé ọkọ̀ tí mo rán lọ́dún tó kọjá padà wá.
Ó gbé àga ọmọdé lọ́wọ́,
ẹsẹ̀ irin méjì nídìí àga náà
ń lanu bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀.
"Ọ̀gá Látúnjí, níbo lẹ gbé irin mi sí?"
Mo ní irin wo?
"Ìwé àga yìí ní ó wà níbẹ̀. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí, awọ ni mo ń bá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi pọ̀n mí láti Ìkòyí dé Ògbómọ̀ṣọ́,
ọ̀já kan, ẹ̀yìn kan,
ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.
Kò bá mi rẹ́rìn-ín.
"Ìyá yín ń fẹsẹ̀ rìn, Ọ̀gá.
Ta ló ń fẹsẹ̀ sá eré ọgọ́rùn-ún?
Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́,
èmi àti tírélà, èmi àti kòtò.
Bí mo bá tẹ búréèkì lójijì, ọwọ́ wo ni yóò di Ìníolúwa mú?
Àga tí a kò so mọ́ ara ọkọ̀, ẹrù ni.
Ọ̀já rèé lọ́wọ́ mi.
Ẹ̀yìn tí n óò so ó mọ́ ni ẹ rán pa."

Mo dákẹ́. Mo mú abẹ.
Mo la iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, òwú ń já tà, tà,
mo ki ìka bọ inú fóòmù bí agbẹ̀bí,
ìka mi kan irin tútù.
Ọ̀kan wà lápá òsì.
Ti apá ọ̀tún...
Músílíù wolẹ̀.
Èmi náà wolẹ̀.

Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀yìn awakọ̀ ní tirẹ̀. A tú u, méjèèjì pé.
Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, fún okùn gígùn
tí kì í jẹ́ kí àga dojú bolẹ̀.
Ó ti àga wọlé: kà! kà!
Ó dì í mú, ó mì í;
ọkọ̀ ló mì, àga ò mì.

Lóru ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ ni mo ń kà dípò kí n sùn.
Síẹ́nà aláwọ̀ ewé ti pásítọ̀ Arówómọ́lẹ̀.
Kọ̀rólà olùkọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.
Àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn,
tí wọ́n ré kọjá Odò Ọbà, tí wọn ò padà wá rán nǹkan mọ́.
Bóyá awọ mi ló dára tó bẹ́ẹ̀.
Bóyá.

Nísinsìnyí, kò sí awọ tí n óò rán tí n kò ní í kọ́kọ́ gé ihò méjì sí,
kí n fi òwú dúdú yí etí rẹ̀ po
bí ojú bọ́tìnnì ẹ̀wù ọjọ́ Àìkú.
Àwọn oníbàárà ń pariwo: "Ọ̀gá, awọ tuntun yìí ti lu!"
Mo ní kò lu. Ojú ni.
Ẹ tìka bọ̀ ọ́ wò.
Ẹni tí kò tíì bímọ, mò ń gé e fún òun náà.
Músílíù kì í gbé ayùn sún mọ́ ìjókòó mọ́.
Irin kan ló so kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
èyí tó bá nísàlẹ̀ páànù.
A ò mọ ọkọ̀ tó ni ín.